Ọjọ́ Tí Ẹ̀bùn Pe Bàbá Àgbà Ní Ẹranko

Èdè kan náà là ń sọ. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Ká ní ilẹ̀ Lárúbáwá ni mo lọ ni, ǹ bá ti múra sílẹ̀ pé n kò ní gbọ́ nǹkan kan, n ó sì máa fi ọwọ́ júwe ohun tí mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú Ṣábẹ ni mo ti wá, lápá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí àwọn Faransé ṣàkóso nígbà kan. Yorùbá ni bàbá tó bí mi, Yorùbá ni ìyá tó wẹ̀ mí. Nígbà tí ọkọ mi sọ pé a ń lọ dáko ní abúlé kan lẹ́bàá Ìjàyè, lẹ́yìn Ìbàdàn, mo rò pé ilé ẹ̀gbọ́n ni mo ń lọ. N kò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n lè kúrú, kí èèyàn sì forí gbá a.

Ọ̀sẹ̀ tí a dé gan-an ni mo lọ ra pẹ́ẹ̀n. Bí a ṣe ń pe búrẹ́dì nílé nìyẹn, ọ̀rọ̀ Faransé ni. Obìnrin tó ni ìsọ̀ náà wo ojú mi tàánútàánú.

Ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Ibo ló ti ń dùn ọ́?"

Mo ní kò sí ibi tó ń dùn mí, pé àárọ̀ ni a máa ń jẹ ẹ́. Ó mi orí, ó já oògùn ara ríro fún mi, ó ní kí n rí i pé mo jẹun kí n tó lò ó. Àṣé pẹ́ẹ̀n lédè Gẹ̀ẹ́sì, ara ríro ni, Gẹ̀ẹ́sì sì ti wọ Yorùbá wọn bí iyọ̀ ṣe ń wọ ọbẹ̀. Mo gbé oògùn délé. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, gàrí la sì mu láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Wọ́n sọ mí ní Ìyàwó Kútọnú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé Kútọnú láyé mi, òjò sì lù mí níbẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀nà Ṣábẹ sí Kútọnú jìn gan-an, pé èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe tiwa. Wọ́n á ní, "Ó dáa, a ti gbọ́, Ìyàwó Kútọnú." Nígbà tó yá, ó sú mi. Mo rántí pé nílé wa náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti Nàìjíríà wá, ará Èkó là ń pè é, ì báà jẹ́ inú igbó ni wọ́n bí i sí.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ṣe ni ẹ̀gẹ́ bíbó níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe gàrí. Iṣẹ́ náà kò le fún ọwọ́ mi, etí ni ó le fún. Wọ́n ń yara sọ̀rọ̀, wọ́n ń dá àpárá, wọ́n ń fi ẹnu bọ ara wọn lẹ́nu. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín tán ni tèmi tó ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ẹ̀bùn, ìyàwó ilé kejì sí wa, nìkan ló máa ń yíjú sí mi láti tún ọ̀rọ̀ náà sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. N kò tíì lè pè é lọ́rẹ̀ẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìyá mi bi mí lórí fóònù pé ta lọ̀rẹ́ mi níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni mo dá.

Orí òkè kékeré kan lẹ́yìn abúlé, lábẹ́ igi máńgòrò, ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń mú. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo máa ń gun ibẹ̀ lọ pe ìyá mi. Wọ́n á bi mí bóyá mo jẹun. Wọ́n á bi mí bóyá àwọn ará ibí ń ṣe mí dáadáa. Mo máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀ tán, n ó dúró díẹ̀ kí n tó wọlé, kí ojú mi lè gbẹ.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ Bàbá Onílẹ̀, nítorí pé ọwọ́ wọn ni gbogbo ìgbé ayé wa wà. Bàbá ọkọ Ìyá Ẹ̀bùn ni wọ́n. Àwọn ló fún wa ní yàrá tí à ń gbé, àwọn ló fún ọkọ mi nílẹ̀ tó ń dá. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Wọ́n kàn na ọwọ́ sí igbó kan, wọ́n ní, "Ẹ máa ṣe é níbẹ̀ yẹn. Tí iṣu bá ta, ẹ má gbàgbé mi." Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lóru ọjọ́ náà ló sọ fún mi pé ohun tí ẹnu fúnni, ẹnu lè gbà á, nítorí náà kí n máa ṣọ́ ẹnu mi. Kò mọ̀ pé ẹnu ọmọ ọdún márùn-ún ni ó yẹ kí ó bẹ̀rù.

Bàbá Onílẹ̀ tún jẹ́ àgbà nínú ìjọ Aládùúrà tó wà lójú ọ̀nà. Ìjọ náà ní ilé ìwé kékeré kan, obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Sùkúù ló ń ṣe olórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Màmá Sùkúù ń kọjá níbi ẹ̀gẹ́, wọ́n rí mi pẹ̀lú àwọn ọmọ tó tẹ̀lé ìyá wọn wá. Mo ń pa àlọ́ fún wọn kí wọ́n má baà fi ọwọ́ kan ọ̀bẹ. Wọ́n dúró, wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin.

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé o ti ṣe tísà rí?"

Mo ní mo kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé, ṣùgbọ́n Faransé ni, mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

"Ta ló ń wá Gẹ̀ẹ́sì? Àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà. Ẹni tó ní sùúrù ni mi ò rí. Yorùbá ni kí o fi kọ́ wọn, kí orí wọn kọ́kọ́ là."

Bí mo ṣe di tísà nìyẹn. Jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ń pe kíláàsì mi, nítorí pé àwọn ìyá ń kó ọmọ wá síbẹ̀ kí ilé lè sinmi. Ilé sinmi lóòótọ́. Èmi ni n kò sinmi.

Ohun tí mo mọ̀ ọ́n kọ́ jù ni ọ̀rọ̀ ṣíṣà, ìyẹn ni pé kí ọmọ mọ ọ̀rọ̀ tó bá ara wọn tan, kí ó sì lè sọ ìtumọ̀ wọn. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo gbé atẹ mẹ́ta lé e. Mo kó nǹkan jọ láti ilé dé ilé: èkù ọkọ́, ìgbálẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀, fìlà, àgbàdo, bẹ́líìtì, àpẹ̀rẹ̀. Mo ní ohun jíjẹ níbí, ohun èlò níbí, ohun wíwọ̀ níbí.

Fẹ́mi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi, mú èkù ọkọ́, ó gbé e sínú atẹ ohun jíjẹ.

"Fẹ́mi, ṣé à ń jẹ ọkọ́ ni?"

"Rárá, Àǹtí. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí ọkọ́, kí la fẹ́ jẹ?"

Sùńbọ̀ ní tirẹ̀ di bẹ́líìtì mú, kò gbà kí ó wọ inú ohun wíwọ̀. Ó ní atẹ tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni ó yẹ kó ní. Mo bi í pé kí ni a ó máa pe atẹ náà. Ó ní, "Oògùn olóríkunkun." Orúkọ tí bàbá rẹ̀ ń pe bẹ́líìtì nílé nìyẹn.

Ìtumọ̀ sísọ tún wá burú ju ìyẹn lọ. Mo ní kí ni àpẹ̀rẹ̀? Wọ́n ní ti màmá mi ni. Mo ní kí ni ìkòkò? Wọ́n ní ó ti fọ́. Mo ní kí ni ìgbálẹ̀? Gbogbo wọn sún sẹ́yìn, ojú wọn sì fi hàn pé ìrántí tí ìgbálẹ̀ mú wá fún wọn kò dára.

Mo ronú lé e lórí fún ọjọ́ mélòó kan. Inú agbo ilé ni àwọn ọmọ yìí ń gbé. Wọn kì í mọ èèyàn ní òun nìkan: ọmọ ilé lágbájá ni, ẹ̀gbọ́n tàmẹ̀dò ni. Mo wá sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà ní agbo ilé. Tí mo bá bi yín ní ọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ agbo ilé rẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ nínú agbo ilé náà.

Ó yé wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀bùn, ọmọ aládùúgbò mi, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Àpẹ̀rẹ̀ jẹ́ ohun èlò tí a fi ń ru tòmátì." Mo gbé e sókè. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí ọmọ yẹn rí tí kò fẹ́ mọ agbo ilé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ọjà Ṣáṣá, ó dúró níwájú ọmọ Haúsá kan tó ń ta ata, ó sì ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pé ohun èlò ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ọmọ Haúsá náà gbọ́ ọ tán, ó bu ènì lé ata wọn. Nígbà tí Ìyá Ẹ̀bùn ròyìn rẹ̀ níbi ẹ̀gẹ́, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, mo sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn lásìkò kan náà. Inú mi dùn délé lọ́jọ́ náà.

Síbẹ̀, iṣẹ́ yẹn a máa mú èèyàn ro ara rẹ̀. Tí mo bá ń kó àwọn nǹkan padà sínú àpò lọ́sàn-án, mo máa ń ro ó pé bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá lè fi ọwọ́ gbé mi, atẹ wo ni wọ́n á gbé mi sí? Nílé, àbúrò mi ń sọ lórí fóònù pé mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Nàìjíríà. Níbí, mo jẹ́ ará Kútọnú. N kò sí níbí dáadáa, n kò sí lọ́hùn-ún dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í pa mí lẹ́kún lójoojúmọ́, n kò fẹ́ purọ́. Ó kàn máa ń wà níbẹ̀, bí ẹ̀gún kékeré tí a kò tíì rí yọ.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni mo dé orí ẹranko. Nílé ìwé tí mo lọ ní kékeré, ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tí wọ́n fi kó gbogbo ohun abẹ̀mí jọ: ohun tó bá ń mí, tó ń jẹun, tó sì ń rìn. A kọ ọ́ lórin títí ó fi mọ́ wa lára. Mo wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá a mu, ẹranko ló bọ́ sí mi lẹ́nu. N kò ro ó síwájú, n kò ro ó sẹ́yìn. Yorùbá ni mo fi ń sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì yẹn, ṣùgbọ́n Faransé ni mo fi ń ronú.

Mo kọ ọ́ lórin fún wọn. Ajá ń mí, ó ń jẹun, ó ń rìn, ẹranko ni. Wọ́n gbè é. Ewúrẹ́, adìyẹ, alángbá, a kó gbogbo wọn sínú agbo ilé kan.

Ẹ̀bùn na ọwọ́ sókè. "Àǹtí, gbogbo ohun tó bá ń mí, tó ń jẹun, tó ń rìn?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀ pátá?"

"Pátápátá," ni mo wí. Mo tilẹ̀ yìn ín pé ó bi ìbéèrè tó dára.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mo ń já ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé nígbà tí Ìyá Ẹ̀bùn yọ sí mi. Ó fi ìborùn bo ẹnu, n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

Ó ní, "Ìyàwó Kútọnú, kí lo kọ́ ọmọ mi?"

"Ìyá Ẹ̀bùn, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Bàbá jókòó síta pẹ̀lú sùtánà wọn, Wòlíì jókòó tì wọ́n, àwọn àgbà ìjọ wà níbẹ̀, wọ́n ń retí oúnjẹ. Wòlíì ní kí Ẹ̀bùn sọ ohun tó kọ́ ní sùkúù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ajá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dé orí ewúrẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dé orí adìyẹ. Ló bá yíjú sí Bàbá."

"Yéè!"

"Ó ní, 'Bàbá àgbà ń mí, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rìn. Ẹranko ni wọ́n.'"

Mo jókòó sórí ilẹ̀.

"Ó kúnlẹ̀ sọ ọ́ o," ni Ìyá Ẹ̀bùn wí, bí ẹni pé ìyẹn lè ràn wá lọ́wọ́. "Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti kan Wòlíì. Mo gbé e sá wọlé kí ó tó kan Ìyá Ìjọ. Bàbá bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní àwọn Àǹtí ni. Bàbá gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ìwọ àti ọkọ rẹ yọjú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kí Màmá Sùkúù náà wá."

Gbogbo ọmọ Yorùbá, ti ibí tàbí ti Ṣábẹ, ló mọ̀ pé bí a bá pe èèyàn ní ẹranko, èébú tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò pọ̀. Ká pe àgbà bẹ́ẹ̀ níwájú àlejò, ká pe onílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀, n kò mọ ohun tí a lè fi wé e. Ọkọ mi gbọ́ ọ, kò pariwo. Ó wo ọ̀nà oko.

Ó ní, "Iṣu ti wà nílẹ̀. Mo ti kọ gbogbo ebè yẹn tán, iṣu ti wà nínú wọn. A ò lè hú u."

Ká ní ó pariwo ni, ì bá ti sàn fún mi.

Mo sáré gun òkè lọ sábẹ́ máńgòrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú ni, kì í ṣe ọjọ́ tí mo máa ń pè. Ìyá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó bi mí léèrè.

"Ilẹ̀ ta ni ẹ ń dá?"

"Ilẹ̀ Bàbá náà ni, Ìyá."

"Háà. Gbọ́ mi. Lọ kúnlẹ̀. Má ṣàlàyé Faransé kankan fún wọn o. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń yọ obì lápò. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa bọ̀ wálé. Ilé kò tíì jó."

Mo fẹ́ sọ pé mo ń bọ̀. N kò sọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀, lábẹ́ igi yẹn, pé n kò fẹ́ kúrò ní abúlé yìí. Láti ọjọ́ tí a ti dé, mo ti ń ro pé mo kàn ń fara dà á ni. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n lé mi ni mo rí i pé mo ti fẹ́ràn rẹ̀: àwọn ọmọ tó ń sáré pàdé mi lójú ọ̀nà, òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń yan, Ìyá Ẹ̀bùn tó ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún mi. Ọkàn mi wúwo bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀.

Màmá Sùkúù pàdé wa lójú ọ̀nà. Wọ́n ní, "Mi ò ní tàn ẹ́. Ìjọ ló ni sùkúù, àwọn Bàbá ló sì ni ìjọ. Tí wọ́n bá ní kí o má wá mọ́, mi ò lè sọ pé rárá." Wọ́n wo ojú mi, wọ́n fi ọwọ́ kan èjìká mi, a jọ wọlé.

Bàbá Onílẹ̀ jókòó sórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wòlíì ṣì wà níbẹ̀. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, a kò sì dìde.

Bàbá ní, "Ìyàwó."

"Sà."

"Ní ọ̀hún tí ẹ ti wá, ṣé ẹranko ni ẹ ń pe àgbàlagbà?"

"Rárá o, sà. Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ẹnu mi ló ṣì í sọ. Ẹ má bínú."

"Ọmọ ò purọ́ mọ́ ẹ?"

"Kò purọ́, sà. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Wòlíì kẹ́dùn. Bàbá pe Ẹ̀bùn jáde. Ọmọ náà wá, ó ti sunkún, ìyá rẹ̀ ti fa etí rẹ̀. Bàbá ní kí ó tún un kọ, kí àwọn gbọ́ ọ dáadáa lójú ẹni tó kọ́ ọ. Ó wojú mi. Mo mi orí fún un. Ó fi ohùn kékeré kọ ọ́, ó sì dé orí Bàbá, ó sọ ọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ.

"Ìwọ náà ńkọ́?" ni Bàbá bi í. "Ṣé ìwọ kì í mí?"

Ẹ̀bùn lanu. Mo rí i tó ń kà á: ó ń mí, ó ń jẹun, ó ń rìn. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Èmi kì í ṣe ẹranko!"

Àánú ọmọ náà ló mú mi gbàgbé ohun tí ìyá mi sọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo."

Bàbá ní, "Bi í."

"Ẹ̀bùn, nu ojú rẹ. A ti sọ agbo ilé, a ò tíì sọ ohun tó yà á sọ́tọ̀. Kí ni Bàbá àgbà ń ṣe tí ajá kì í ṣe?"

Ó fa imú. Ó ronú. Ó ní, "Wọ́n ń gbàdúrà."

"Àmín," ni Wòlíì dáhùn, kò mọ ìgbà tó dáhùn.

"Kí ló tún kù?"

Ó wo Bàbá láti orí dé ẹsẹ̀, bó ṣe máa ń wo nǹkan kí ó tó gbé e sínú atẹ. "Tí wọ́n bá ń jẹun, wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹran kù sínú àwo fún mi. Ajá kì í ṣẹ́ ẹran kù fún ẹnikẹ́ni."

Wòlíì ní, "Adìyẹ ńkọ́? Adìyẹ ń wá oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀."

Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n Ẹ̀bùn yíjú sí Wòlíì, inú rẹ̀ tilẹ̀ ń bí i díẹ̀. "Ọmọ tirẹ̀ ni! Tí ọmọ adìyẹ mìíràn bá wá síbẹ̀, á lé e. Bàbá àgbà máa ń ṣẹ́kù fún Sùńbọ̀, wọ́n máa ń ṣẹ́kù fún Fẹ́mi, àwọn kọ́ ló bí wọn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó dúró ṣánṣán bó ṣe máa ń dúró ní kíláàsì. "Èèyàn jẹ́ ohun tó ń mí, tó ń jẹun, tó ń rìn, tó sì máa ń ṣẹ́ ẹran kù sínú àwo fún ọmọ ọlọ́mọ."

Èjìká Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. N kò tètè mọ̀ pé ẹ̀rín ni, nítorí pé n kò tíì rí i kí wọ́n rẹ́rìn-ín báyẹn rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ṣí fìlà, wọ́n fi nu ojú.

"Wòlíì, ẹ gbọ́ bí? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọmọ yìí ti dá mi láre." Wọ́n yíjú sí ọkọ mi tó ṣì dojú bolẹ̀. "Ìwọ, dìde jàre. Iṣu rẹ ti ń hù, mo kọjá níbẹ̀ láná. Lọ ri igi tì í kó lè gùn." Wọ́n ní kí Màmá Sùkúù máa lọ sinmi. Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ìyàwó, máa kọ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ kó gbogbo ohun abẹ̀mí jọ lọ́jọ́ mìíràn, kọ́kọ́ yọ mí sọ́tọ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ ṣé, Bàbá." Ìmí tí mo mí lọ́jọ́ náà, n kò mí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Ara mi fúyẹ́. Ọkọ mi di òpó mú dìde, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Bàbá ní kí wọ́n gbé oúnjẹ àwọn wá, pé láti ọ̀sán ni àwọn kò ti lè jẹun nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá Ẹ̀bùn gbé iyán dé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran. A fẹ́ dágbére, wọ́n ní kí a jókòó. Wọ́n jẹun láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n fọ ọwọ́, ẹran kan sì ṣẹ́kù nínú àwo. Ẹ̀bùn ti sún mọ́ wọn, ó ti na ọwọ́.

Bàbá gbé àwo náà kọjá lórí rẹ̀, wọ́n nà án sí mi.

Wọ́n ní, "Gbà."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ojú mi ń ṣú fún omi.

"Bàbá," ni Ẹ̀bùn wí, "tèmi ńkọ́?"

"Lọ bi Àǹtí rẹ."

Ó wá dúró níwájú mi, ó ń wo ẹnu mi. Mo ya ẹran náà sí méjì, mo sì fún un ní èyí tó tóbi.